Ṣé lóòótọ́ ni ìjọba Ṣáínà ń fún ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan ní máàkì?

Bí fídíò náà ṣe máa ń rí nìyí. Ọkùnrin kan sáré sọdá títì nígbà tí iná ṣì pọ́n, kámẹ́rà orí òpó gbá ojú rẹ̀ mú, fóònù rẹ̀ dún, máàkì rẹ̀ sì já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò ní lè wọ bàálù mọ́. Ọmọ rẹ̀ kò ní lè wọ ilé ìwé gidi. Ẹni tó fi fídíò náà ránṣẹ́ á wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé bí ayé ṣe rí ní Ṣáínà nìyẹn, ó sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ tiwa náà.

Púpọ̀ nínú ohun tó wà nínú fídíò yẹn ló ti ṣẹlẹ̀ rí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kámẹ́rà wà. Àwọn tí wọ́n kọ̀ láti ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún wà, wọn ò sì kéré. Ìlú tó ń ka máàkì fáwọn ará ibẹ̀ wà. Okùn tí wọ́n fi so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni wọ́n fi irọ́ hun. Kámẹ́rà ojú títì, ti ọlọ́pàá ni. Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ti ilé ẹjọ́ ni. Máàkì jẹ́ ti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ bíi mélòó kan, nọ́ńbà orí fóònù sì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ aládàáni kan. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ìjọba àpapọ̀ fi ń wọn ìwà gbogbo ọmọ ìlú kò sí, kò sì fìgbà kan sí.

Kí ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí gan-an?

"Shehui xinyong" ni wọ́n ń pe ètò tí fídíò náà ń sọ lédè wọn, òyìnbó ní "social credit". Shehui ni àwùjọ. Xinyong ló le. Òyìnbó tú u sí "credit", ọkàn àwọn èèyàn sì lọ sórí báńkì. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ará Ṣáínà, ẹni tó ní xinyong ni ẹni tó ṣe é tà láwìn fún: ó ń san owó lásìkò, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ṣe é gbára lé. Ìyá aláṣọ tó ń tajà láwìn mọ xinyong láìlọ sílé ìwé, nítorí nínú ìwé gbèsè tirẹ̀, owó àti ìwà wà lójú ewé kan náà.

Nígbà tí ìjọba mú ọ̀rọ̀ yìí, ó fi bo gbèsè báńkì, owó orí, oúnjẹ tí kò ní májèlé, ìdájọ́ kóòtù, àti bí aládùúgbò ṣe ń gbálẹ̀ iwájú ilé rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ bọ́ sábẹ́ orúkọ kan, èèyàn sì rò pé ìwé kan ṣoṣo ni.

Kí ló dé tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀?

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2014 ni Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Ṣáínà gbé ìwé ètò náà jáde, pé kí ó jẹ́ ti ọdún 2014 sí 2020. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ká wọn lára, kó padà sí ọdún 2008, kó lọ síbi mílíìkì.

Àwọn tó ń gba wàrà jọ lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní agbègbè Hebei ń bu omi sí i. Omi máa ń dín purotéènì kù, ilé iṣẹ́ mílíìkì kì í sì í ra èyí tí purotéènì rẹ̀ kéré. Àmọ́ purotéènì gan-an kọ́ ni àyẹ̀wò tí wọ́n ń lò ń kà. Náítírójìn inú rẹ̀ ló ń kà. Wọ́n wá ń da melamine sínú wàrà olómi yẹn, ìyẹn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe àwo oníke, nítorí náítírójìn kún inú rẹ̀. Wàrà náà ń yege, òkúta sì ń dì nínú kíndìnrín àwọn ọmọ ọwọ́. Nǹkan bí ọmọ 300,000 ló ṣàìsàn, mẹ́fà kú. Ilé iṣẹ́ Sanlu nílùú Shijiazhuang ni orúkọ rẹ̀ bà jẹ́ jù. Wọ́n pa èèyàn méjì ní ọdún 2009 lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì rán Tian Wenhua, ọ̀gá Sanlu, lọ sẹ́wọ̀n gbére. Ohun tó tún dun àwọn èèyàn ni pé Sanlu wà lára àwọn ilé iṣẹ́ tí ìjọba ti fún láṣẹ pé kí wọ́n má yẹ ọjà wọn wò mọ́, nítorí orúkọ rere tí wọ́n ní.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé orí ilé iṣẹ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ètò yìí ń ṣiṣẹ́ lé. Láti ọdún 2015 ni ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ní àmì ìdánimọ̀ tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 18, tí wọ́n ń so owó orí, ìtanràn ìbàyíkájẹ́ àti ẹ̀sùn oúnjẹ mọ́. Kò sẹ́ni tó ń fi ìyẹn ṣe fídíò.

Ta ni wọ́n ń kọ̀ láti ta tíkẹ́ẹ̀tì fún?

Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí gbèsè bá ti pẹ́ jù lọ́wọ́ ẹlòmíì lè bẹ ológò lọ́wẹ̀. Ológò á lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, á máa pariwo, á máa ki adìyẹ inú àgbàlá mọ́lẹ̀, á máa ní kí wọ́n wá gbé oúnjẹ fóun, kò sì ní dìde títí tí ojú á fi ti gbogbo agboolé náà débi tí wọ́n á wá owó. Kóòtù ilẹ̀ Ṣáínà náà ń dógò ti onígbèsè. Fóònù ni wọ́n fi ń dógò tiwọn.

"Laolai" ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ajẹgbèsè-má-san: ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi, tó ní agbára láti san, tó sì ń sá kiri. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2013 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti ń kọ orúkọ wọn sórí ìkànnì tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 8 orúkọ ló wà níbẹ̀ ní ọdún 2024. Ẹni tó bá bọ́ sí i kò gbọdọ̀ wọ bàálù. Kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin asáré tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú G. Kò gbọdọ̀ sùn ní òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá, kò gbọdọ̀ ra ilé, kò gbọdọ̀ gbá gọ́ọ̀fù, kò sì gbọdọ̀ fi ọmọ sí ilé ìwé aládàáni olówó gọbọi. Ibi tí ọ̀rọ̀ "ọmọ rẹ̀ kò ní lè wọ ilé ìwé" ti wá nìyẹn. Ilé ìwé ìjọba kò sí níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tí ń rọra lọ náà kò sí níbẹ̀. Onígbèsè lè wọ̀ ọ́, kó jókòó sórí àga líle, kó fi ọjọ́ kan gbáko rin ìrìn tí ẹlòmíì fi wákàtí márùn-ún rìn.

Ti ìtìjú wá wà lọ́tọ̀. Ní àwọn agbègbè kan, kóòtù bá ilé iṣẹ́ fóònù dọ́rẹ̀ẹ́: bẹ́ ẹ bá pe onígbèsè náà, dípò orin tẹ́ ẹ̀ bá máa gbọ́ kó tó gbé e, ohùn kan á sọ fún yín pé ilé ẹjọ́ ti kọ orúkọ ẹni tí ẹ ń pè sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aláìṣòótọ́, pé kẹ́ ẹ bá wọn rọ̀ ọ́ kó ṣe ojúṣe rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Hebei gbé ètò kékeré kan sínú WeChat, áàpù tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn, tó ń fi àwọn onígbèsè tó wà láàárín mítà 500 sí ẹni hàn. Èèyàn á jókòó nílé oúnjẹ, á wo fóònù, á mọ̀ bóyá gbajúmọ̀ tó ń pàṣẹ ẹran pẹ́pẹ́yẹ lórí tábìlì kejì jẹ gbèsè.

Luo Yonghao ni àpẹẹrẹ tí ọ̀pọ̀ ará Ṣáínà mọ̀. Òun ló dá ilé iṣẹ́ fóònù Smartisan sílẹ̀. Nígbà tí ọjà kùtà, gbèsè tó tó 600 mílíọ̀nù yuan ṣẹ́ jọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ilé ẹjọ́ kan nílùú Danyang fòfin de ìnáwó rẹ̀. Kò sá. Ó kọ lẹ́tà sí gbogbo ayé, ó pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó di laolai, ó ní òun á san án, bó tilẹ̀ di pé kóun máa ṣeré gbowó. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2020 ó jókòó síwájú kámẹ́rà lórí Douyin, áàpù fídíò, ó ń polówó ọjà olójà bí ẹni tó wà ní gbàgede ọjà, ọjà tó ju 110 mílíọ̀nù yuan lọ sì tà lálẹ́ ọjọ́ kan. Àwọn tó fẹ́ràn ètò náà máa ń ka Luo gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé dídógò ń ṣiṣẹ́.

Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ máa ń dárúkọ Liu Hu. Akọ̀ròyìn ni. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi pé ó bà ẹnìkan lórúkọ jẹ́. Ní ọdún 2017 ó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, wọ́n ní kò lè rà á. Kò sẹ́ni tó sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé. Ó ní òun ti tọrọ àforíjì, òun sì ti sanwó. Ilé ẹjọ́ ní àforíjì náà kò kún tó. Ètò kan náà tó mú ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó jẹ gbèsè ló mú akọ̀ròyìn.

Nọ́ńbà kan tún wà tí wọ́n máa ń sọ ní ìsọkúsọ: pé wọ́n fòfin de èèyàn mílíọ̀nù 17 láti wọ bàálù. Ìròyìn ìjọba fún ọdún 2018 sọ pé ìgbà mílíọ̀nù 17.46 ni wọ́n kọ̀ láti ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ìgbà mílíọ̀nù 5.47 ni ti ọkọ̀ ojú irin asáré. Ìgbà ni wọ́n kà, wọn ò ka orí. Ẹnìkan lè gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ìlú tó ń ka máàkì ńkọ́?

Suining, ìjọba ìbílẹ̀ kan ní agbègbè Jiangsu, ló kọ́kọ́ dán an wò ní ọdún 2010. Máàkì 1,000 ni wọ́n fún àwọn ará ibẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń yọ ọ́ bó bá ṣẹ̀. Lára ẹ̀ṣẹ̀ náà ni kéèyàn lọ fi ẹjọ́ sùn lọ́nà tó ń dí iṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́. Àwọn ìwé ìròyìn ìjọba gan-an ló bínú sí i: wọ́n ní ó jọ "ìwé ọmọlúwàbí" tí àwọn ọmọ ogun Japan ń fún ará Ṣáínà nígbà tí wọ́n gba ilẹ̀ wọn. Èèyàn lè má rí ọ̀rọ̀ tó burú jù ìyẹn lọ níbẹ̀.

Rongcheng, ìlú etíkun ní Shandong, ni àwọn akọ̀ròyìn òkèèrè sáré lọ wò. Máàkì 1,000 náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àti ipò láti AAA títí dé D. Ẹni tó wakọ̀ ní ìwàkuwà pàdánù díẹ̀, ẹni tó tọ́jú arúgbó tàbí tó fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ jèrè. Wọ́n gbé àwòrán àwọn tó ṣe dáadáa sórí pátákó. Ohun tí máàkì tó pọ̀ ń mú wá kò tó nǹkan: yíyá kẹ̀kẹ́ láìsan owó ìdúró (owó tí wọ́n ń gbà sọ́wọ́, tí wọ́n á dá padà), ẹ̀dínwó owó iná ìgbà òtútù, báńkì tó dín èlé kù. Ẹni tó bá kúrò ní Rongcheng, máàkì rẹ̀ kò bá a lọ.

Àti nọ́ńbà orí fóònù?

Zhima Credit nìyẹn, ti ilé iṣẹ́ Ant, àbúrò Alibaba tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2015, ó ń ka èèyàn láti 350 sí 950. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá pọ̀ níbẹ̀ kò ní san owó ìdúró kó tó yá kẹ̀kẹ́ tàbí gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Owó ìdúró kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré o: nígbà tí Ofo, ilé iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, dẹnu kọlẹ̀ ní ìparí ọdún 2018, èèyàn tó ju mílíọ̀nù 10 lọ ló tò lórí áàpù rẹ̀ tí wọ́n ń bèèrè owó wọn, kóòtù sì kọ orúkọ Dai Wei tó dá a sílẹ̀ mọ́ àwọn tí kò gbọdọ̀ náwó.

Kì í ṣe dandan kéèyàn wọ Zhima, ó kéré tán lórí ìwé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, àwọn oníbàárà Alipay, áàpù ìsanwó ilé iṣẹ́ Ant, rí i pé ilé iṣẹ́ náà ti bá wọn fi àmì "mo gbà" sínú àpótí kékeré kan. Ariwo ta, ọ́fíìsì tó ń rí sí íntánẹ́ẹ̀tì pe ilé iṣẹ́ náà wá jẹ́jọ́, wọ́n sì tọrọ àforíjì.

Kámẹ́rà tó ń mú ẹni tó sọdá títì ńkọ́?

Ó wà, ó sì ń gbé àwòrán èèyàn sójú pátákó iná ní ìkóríta àwọn ìlú kan. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, nílùú Ningbo, ó mú Dong Mingzhu, ìyá tó jẹ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ Gree tó ń ṣe ẹ̀rọ amúlétutù. Dong kò sí níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n ya àwòrán ìpolówó rẹ̀ sára ló kọjá.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní Zhengzhou?

Ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú ètò xinyong rárá, àmọ́ bí ẹ bá bi àwọn ará Ṣáínà ohun tó bà wọ́n lẹ́rù, ọ̀pọ̀ á dárúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó dárúkọ máàkì.

Ní oṣù Kejì ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ìlú Hangzhou gbé àmì ìlera jáde lórí fóònù, ó sì tàn ká gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ àwọ̀ ewé lè máa lọ. Ìyeyè, kó dúró. Pupa, kò sí ọkọ̀, kò sí òtẹ́ẹ̀lì, kò sí ọjà, ilé ìséra-ẹni-mọ́ ló kù.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, báńkì abúlé mẹ́rin ní agbègbè Henan dáwọ́ owó sísan dúró. Púpọ̀ nínú àwọn tó fowó pamọ́ síbẹ̀ wà ní agbègbè mìíràn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti fi owó náà ránṣẹ́. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Zhengzhou, olú ìlú Henan, láti lọ bèèrè owó wọn. Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n fi fóònù ya àmì ẹnu ọ̀nà, pupa. Ẹni tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ kan náà, tí kò ní owó ní báńkì yẹn, tirẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Àwọn kan tilẹ̀ wà nílé wọn lọ́nà jíjìn. Ẹnìkan fi àwòrán àmì Zhengzhou ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ wọn lórí WeChat, wọ́n fi fóònù yà á láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni, tiwọn náà pọ́n.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà, ìjọba Zhengzhou fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́: oníbàárà báńkì 1,317 ni wọ́n sọ di pupa, 446 nínú wọn wọ ìlú náà, 871 kò débẹ̀. Wọ́n fìyà jẹ òṣìṣẹ́ ìjọba márùn-ún. Feng Xianbin, igbákejì akọ̀wé ìgbìmọ̀ òṣèlú àti òfin ìlú náà, pàdánù ipò rẹ̀. Hu Xijin, ẹni tó ti jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Global Times, tó sì máa ń gbè sẹ́yìn ìjọba, pàápàá ní wọn kò gbọdọ̀ lo àmì ìlera fún ohunkóhun yàtọ̀ sí àrùn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje, àwọn olówó náà kóra jọ síwájú ẹ̀ka báńkì àpapọ̀ ní Zhengzhou. Àwọn ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló lù wọ́n túká. Ní ọjọ́ kejì, ìjọba kéde pé àwọn á bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún ẹni tí tirẹ̀ kò ju 50,000 yuan lọ.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, nígbà tí wọ́n tú òfin Kòrónà ká, ọ̀pọ̀ ibi ni wọn ò ti béèrè àmì náà mọ́.

Kí ni wọ́n ń jà lé lórí?

Ìjọba ní ohun tí àwọn ń fẹ́ ni pé kí ẹni tó da ìfọkàntán "má lè gbẹ́sẹ̀ kan". Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn ní kóòtù tí kò bá lè gba owó kò yàtọ̀ sí igi tí wọ́n gbé aṣọ adájọ́ wọ̀. Ìwádìí tí Genia Kostka ti Freie Universität nílùú Berlin ṣe ní ọdún 2018 lọ́dọ̀ nǹkan bí ará Ṣáínà 2,200 fi hàn pé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló fara mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ rántí pé orí íntánẹ́ẹ̀tì Ṣáínà ni wọ́n ti dáhùn.

Mike Pence, igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, pè é ní ètò láti ṣàkóso gbogbo ìgbésí ayé èèyàn, nínú ọ̀rọ̀ tó sọ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018. Àwùjọ Yúróòpù fòfin de kíka máàkì ìwà fún ọmọ ìlú nínú òfin wọn lórí AI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ronú bí èèyàn. Apá yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 2025. Jeremy Daum, ọ̀mọ̀wé òfin ní Yale tó máa ń tú àwọn òfin Ṣáínà sí Gẹ̀ẹ́sì, ti ń sọ ọ́ fún ọdún pípẹ́ pé máàkì tí wọ́n ń sá fún kò sí.

Ní Ṣáínà gan-an, ibòmíì ni àwọn amòfin gbé tiwọn gbà. Shen Kui, olùkọ́ òfin ní Yunifásítì Peking, wà lára àwọn tó ń bèèrè pé: ẹni tó ṣẹ̀ ní ẹ̀ka kan, kí ló dé tí ẹ̀ka mẹ́wàá yòókù fi ń fìyà jẹ ẹ́? Òfin wo ló fún wọn láṣẹ? Ta ló máa yọ orúkọ rẹ̀ bó bá ti sanwó? Lójú tèmi, ìbéèrè Shen wúlò fún ọmọ ìlú ju ọ̀rọ̀ Pence lọ, nítorí òun ni Liu Hu ìbá bèèrè ní pápákọ̀ òfurufú.

Ibo ni ọ̀rọ̀ dé báyìí?

Ní ìparí ọdún 2020, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ pàṣẹ pé kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tó gbọdọ̀ kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìsí òfin tó gbè é lẹ́yìn, pé ẹni tí wọ́n kọ gbọdọ̀ gbọ́, kó sì ní ọ̀nà àtiyọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, wọ́n gbé àbá òfin xinyong jáde kí aráàlú sọ èrò wọn. Ní òpin oṣù Kẹta ọdún 2025, ẹgbẹ́ òṣèlú àti ìjọba jọ fọwọ́ sí ìlànà 23 tuntun, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ sì dá lórí ilé iṣẹ́ àti owó yíyá. Wọn ò mẹ́nu kan máàkì ọmọ ìlú níbẹ̀.

Ohun mìíràn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 2025, tí kò pariwo tó bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí nọ́ńbà fóònù ti wà ní ìsopọ̀ pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ ní Ṣáínà, láti oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni wọ́n sì ti ń ya ojú ẹni tó fẹ́ gba síìmù tuntun. Ní báyìí, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá àti ọ́fíìsì íntánẹ́ẹ̀tì ń fúnni ní nọ́ńbà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, tí èèyàn lè fi wọ áàpù láìfi orúkọ rẹ̀ han ilé iṣẹ́ tó ni ín. Ìjọba ní ààbò ìsọfúnni ló wà fún, kò sì pọn dandan. Àwọn amòfin kan ní ilé iṣẹ́ kò ní mọ ẹni tó wọlé mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá á mọ gbogbo ilẹ̀kùn tó kàn.